Káàdì alájọ nìkan kò tó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Ó lè ṣírò èrè orí 20 àpò láìmú bírò, ṣùgbọ́n tí a bá dé báǹkì, èmi ló máa ń tì síwájú: “Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.” Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Káàdì àjọ rẹ̀ wà níwájú mi báyìí. Ilé 31 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, kò sì sí èlé lórí ìyókù. (N ò bú alájọ o, òun ló ń tọ àwọn ọlọ́jà wá sí ìsọ̀.) Bẹ́ẹ̀ láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ (ìyẹn ni pé èèyàn yá ìjọba lówó, ìjọba á sì san án padà pẹ̀lú èlé) tí ₦5,000 tó fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ètò owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà ti wà láti 2019. Ta ló sọ fún àwọn ọlọ́jà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àlàyé irú ọ̀rọ̀ owó báyìí, ní Yorùbá, kí ẹ sì fi owó èlùbọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Màá máa kà á sí màmá létí.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, Ìbàdàn.