Ẹ Ṣeun Tẹ́ Ẹ Bá Wa Ṣe Àádọ́rin Ọdún Kóòṣì

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ kú ìnáwó ọjọ́ Sátidé. Owó tẹ́ ẹ ná àti ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi rìn wá, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹkún san án padà fún yín. Àwa ọmọ Kóòṣì là ń kọ̀wé yìí, pẹ̀lú Màámi, tó jẹ́ pé òní yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìkòkò tán. (Ọ̀kan ò pé. Ìkòkò dúdú tó ní etí kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó nílé yín.)

Ká tó máa dúpẹ́ lọ, Kóòṣì, ìyẹn Bàbá wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ní ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà pa wá lẹ́rìn-ín gan-an, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé Bàbá gbá bọ́ọ̀lù fún Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ìgbà yẹn, gbogbo abẹ́ kánópì sì pàtẹ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ò wọ aṣọ orílẹ̀-èdè yìí rí. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè, àárín èrò ni Bàbá jókòó sí bíi ti gbogbo ayé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn sì làwọn méjèèjì. Bàbá ní ohùn òun há lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì là fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí òun dé nínú ọ̀rọ̀ Green Eagles nìyẹn, ẹ má fi kún un mọ́.

Bó ṣe rí gan-an ni pé wíńgà ọ̀tún ni wọ́n, nọ́ńbà méje, nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ ńlá á gbà ọ́ síṣẹ́, wàá jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, pápá yá. Owó oṣù akọ̀wé ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe irú owó bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lónìí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi gbá a. Lọ́dún 1984, orókún òsì yẹ̀. Àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fi omi gbígbóná jó o, kí wọ́n dì í, kí wọ́n padà sí pápá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá padà. Ibẹ̀ ni orókún náà parí sí. Ẹgbẹ́ náà san owó oṣù méjì sí i, wọ́n sì gbàgbé ojú ọ̀nà ilé wa. A ò ní dárúkọ wọn. Bàbá ti dárí jì wọ́n, ẹjọ́ Màámi pẹ̀lú wọn ṣì wà nílẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá nígbà tí wọ́n tiro wálé, sí Ìtòkú. Aládìrẹ ni ìyá wọn, wọ́n ní kí wọ́n wá máa bá àwọn sá aṣọ. Wọ́n sá a. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni Rashidi Yẹkínì dé sọ́dọ̀ Abiola Babes, ẹgbẹ́ Olóyè MKO Abíọ́lá tí ilé wọn jẹ́ Abẹ́òkúta níbí, ẹgbẹ́ tó gba Challenge Cup, ife àpapọ̀ Nàìjíríà, lọ́dún 1985, tó tún gbà á lọ́dún 1987. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìgbáradì, Bàbá á fi aró sílẹ̀, wọn á lọ dúró lẹ́bàá pápá. Ẹsẹ̀ Yẹkínì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Bàbá ń wò. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn lẹ rí lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, tí ìka aláró wà lára gbogbo ojú ewé rẹ̀.

Ìwé náà ló gbé wọn dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, National Institute for Sports, ní Sùúrùlérè. Ẹ̀gbà ọrùn Màámi ló san owó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn lórí gbohùngbohùn, àwa ń sọ ọ́ níbí: ẹni tó bá ń ki Kóòṣì, kó ki Màámi mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, ọmọ àdúgbò ni iṣẹ́ wọn. Lọ́dún 1992 tí wọ́n yí òfin padà, pé gólí ò gbọdọ̀ fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tirẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ dá padà sí i, Bàbá fi okùn so ọwọ́ gólí wọn sẹ́yìn ní gbogbo ìgbáradì fún oṣù kan, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ronú. Gólí náà ti di pásítọ̀. Òun ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sì rí bó ṣe ń ju ọwọ́ sókè. Bí ọ̀gá mẹkáníìkì bá ní òun ò ní yọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́ òun, Bàbá á lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọn á ní Múdà Lawal náà, ìdí mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún léraléra, láti 1976 dé 1984. Ní ti orókún, ọmọ tí orókún rẹ̀ bá wú, omi inú ọ̀rá tó dì ni wọn yóò gbé lé e. Omi gbígbóná, rárá o! Ọmọ náà ò sì ní gbá, ì báà ṣe àṣekágbá. Wọ́n ti pàdánù ife lórí ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn òbí kan sì bú wọn dójú àmì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tiwa náà. Inú wa kì í dùn sí àwọn ọmọ yìí nígbà kan. Láfún tí Màámi bá rò fún ẹni mẹ́fà, ẹni mẹ́tàdínlógún ló máa ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú wa fi bàtà bọ́ọ̀lù tuntun pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, Bàbá rí i, wọ́n gbé e fún ọmọ ìyá aláta. Ó tó ogún ọdún tí a fi mú un sínú.

Ọmọ ìyá aláta yẹn ló ti Jámánì wá lọ́jọ́ Sátidé. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá láti Ìlọrin, Èkó àti Port Harcourt lọ bá àwọn ìyá ní Ìtòkú láìsọ fún wa, wọ́n ní kí wọ́n ya fèrè sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí wọ́n wọlé tàwọn taṣọ náà, aṣọ ẹbí táwa fi oṣù mẹ́ta jà lé lórí di àkísà lára wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ nà wọ́n ní 5-1. Bàbá dúró létí ìlà, wọ́n ń pariwo “Ilẹ̀! Ilẹ̀ ni kó gbà!”, wọ́n sì yọ máníjà báǹkì kan kúrò torí pé ó di orókún mú.

Ẹnìkan bi Bàbá nínú ọ̀rọ̀ sísọ pé èwo ló dáa jù, gbígbá ni àbí kíkọ́ni. Wọ́n ní kí ẹ lọ bi Stephen Keshi lọ́run, ẹni tó gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bíi balógun lọ́dún 1994, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2013. El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣáájú rẹ̀. “Èmi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, síbẹ̀ ẹ ti jẹ màlúù mi tán.”

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìtòkú, ẹ̀yin alásè tẹ́ ẹ ti dé láago mẹ́ta òru, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí tẹ́ ẹ jọ tẹ́ àga, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn kánópì kẹta, a gbọ́ pé ọ̀fàdà ò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ forí jì wá. Ike ìpọnmi tó jẹ́ tiyín wà nílé, ẹ wá gbà á, Màámi á sì wá nǹkan fi ṣe ẹnu yín.

Ó ku fèrè Bàbá. Fèrè onírin, okùn pupa, èyí tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ ní Sùúrùlérè. Ó wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ àtijọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a fẹ́ gé kéèkì. A mọ̀ pé olè kọ́ ni. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ wọn ló mú un fún ìrántí, ẹni mẹ́ta la sì fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Láti ọjọ́ Ajé ni Bàbá ti ń fi ìka méjì súfèé ní pápá, eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí wọn lẹ́nu ò sì gbà á.

Àwa ọmọ Kóòṣì, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.