Ẹ Kà Á Ná: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bá ìṣirò wọ̀yá ìjà ní yunifásítì. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, "Bàbá, kí la máa kọ́ tí àwa náà á fi lè dá nǹkan tuntun sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" Àwọn kan nínú yín fẹ́ kí n dárúkọ èdè kọ̀ǹpútà kan. Àwọn mìíràn ń retí orúkọ ìwé-ẹ̀rí kan. Ohun tí mo ní í sọ ni pé kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tó ń kọjá lórí ìlà, kí ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí mo ṣe ń wo ìtàn àwọn tó dá nǹkan ńlá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìgbòkègbodò ìpè àti dátà, ibẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Agner Krarup Erlang bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Denmark ni, ọdún 1878 ni wọ́n bí i. Onímọ̀ ìṣirò ni nígbà tó wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ní 1908. Ẹ má rò pé orí tábìlì nìkan ló jókòó sí o. Nígbà tí kò tíì ní òṣìṣẹ́ tó máa ràn án lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ wọn iná tó ń jò lára wáyà abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ará ìlú máa ń rí i lójú títì, òun àti òṣìṣẹ́ kan tó gbé àkàbà, kó lè rí ohun sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò wáyà.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nígbà náà rọrùn láti sọ: ìlà mélòó ló yẹ kí wọ́n fà láti ibì kan dé ibòmíràn? Bí ìlà bá kéré, èèyàn á máa pè, ìlà á máa dí. Bó bá pọ̀ jù, owó ti wọlẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ wá wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ. Ká ní ìpè 20 ló wọlé láàárín wákàtí kan, tí ìkọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 60. Erlang 1 nìyẹn; orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n náà ní 1946, nígbà tó ti kú láti 1929. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní, "Iṣẹ́ wákàtí kan ṣáà ni, ìlà kan á gbé e." Kò ní í gbé e. Àwọn ìpè kì í dúró de ara wọn, ṣe ni wọ́n máa ń ya lu ara wọn. Lórí ìlà 1, ìdajì àwọn tó pè ni ìlà á dí mọ́. Lórí ìlà 2, ẹnì kan nínú 5. Lórí ìlà 3, ẹnì kan nínú 16. Ó di orí ìlà 5 kó tó jẹ́ pé èèyàn bíi 3 péré nínú 1,000 ni ò ní í rí ọ̀nà.

Èyí tó tún kàn wá ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ká ní àdúgbò 10 ló wà, tí ìkọ̀ọ̀kan ní erlang 1, tí a sì fẹ́ kó jẹ́ pé kò ní í ju ẹnì kan nínú 100 lọ tí ìlà á dí mọ́. Bí a bá fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà 5 ló máa gbà, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 50. Ṣùgbọ́n bí a bá da gbogbo ìpè wọn pọ̀ sórí ọ̀wọ́ ìlà kan ṣoṣo, ìlà 18 ti tó wọn. A ò ra ẹ̀rọ kan kún ẹ̀rọ, a ò pààrọ̀ wáyà. Ẹni tó mú pẹ́ńsù, tó ka ìpè, tó sì ro ó jinlẹ̀ ló fi ìlà 32 jin ilé-iṣẹ́. Títí di òní, òpó fóònù alágbèéká tí ẹ ń lò kò kúrò lórí ọgbọ́n yìí: ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín ìwọ̀nba àyè lò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ìwé kalẹ̀ kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ó wà nínú ìwé tí Erlang tẹ̀ jáde ní 1917, ẹni tó jáde ilé-ìwé gíráámà lè tẹ̀ lé e.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń so ìpè pọ̀, ìyọnu mìíràn dé. Bí ìpè bá rọ́ wọlé lójijì, kọ̀ǹpútà á kó wọn mọ́ra ju agbára rẹ̀ lọ, iṣẹ́ á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ gbáà. Erna Schneider Hoover ló wá ojútùú sí i ní ilé ìwádìí tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ bí ìpè ṣe ń yára wọlé tó, kó fi ìyẹn díwọ̀n iye tó máa gbà, kó sì fi iṣẹ́ síso ìpè pọ̀ ṣíwájú iṣẹ́ tó lè dúró, bí àkọsílẹ̀ owó. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti ya àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tó bímọ. Ní 1971 wọ́n fún un ní páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó dá sílẹ̀. Fìlọ́sọ́fì àti ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣirò ló kà gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yale, kì í ṣe iná mànàmáná. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé iṣẹ́ yìí le jù fún obìnrin, ẹ̀yin tí ẹ sì ti kàwé gba ọ̀nà mìíràn wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dí yín lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ dátà ló wá yí gbogbo nǹkan padà. Dátà kì í rìn lódindi. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e, ègé kọ̀ọ̀kan la sì ń pè ní packet. Ní oṣù October ọdún 1986, ìlà tó wà láàárín ibùdó ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley dẹnu kọlẹ̀. Ibi méjèèjì kò jìn síra, nǹkan bíi yáàdì 400 ni. Ìlà tó ń gbé bit 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (bit ni ẹyọ dátà tó kéré jù) wá ń gbé bit 40. Wáyà ò já, ẹ̀rọ ò jóná. Van Jacobson àti Michael Karels, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì níbẹ̀, ò sáré pe ẹni tó máa ta ìlà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tẹjú mọ́ àwọn packet náà bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà fúnra wọn ló ń dá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà sílẹ̀. Bí packet kan bá sọnù sínú èrò, èyí tó fi í ránṣẹ́ á tún un fi ránṣẹ́ kíá, àwọn yòókù á ṣe bẹ́ẹ̀ náà, èrò á túbọ̀ pọ̀, èyí tó máa sọnù á sì pọ̀ sí i.

Ohun tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe kò ju ìwọ̀nba ìlà kóòdù díẹ̀ lọ: kó fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un bí ìdáhùn ṣe ń padà wá, bó bá sì ti rí i pé packet sọnù, kó fà sẹ́yìn kíákíá. Ní 1988 wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí Berkeley ń pín kiri ló ti tàn ká, ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò lónìí láti má ṣe fún ara rẹ̀ lọ́rùn sì ti ibẹ̀ ṣẹ̀ wá.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ti di ìtàn àtijọ́. Mo rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tèmi náà. Ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka méjì tí ìlà so pọ̀, fáìlì ńlá kò sì lọ geere láàárín wọn. Ẹ bá fi ping dán an wò, ìyẹn packet kékeré tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn, á dáhùn wàràwàrà. Ẹ bá fi fáìlì ránṣẹ́, á máa wọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìwé tí wọ́n máa fi ra ìlà tuntun ti wà lórí tábìlì ọ̀gá, ìfọwọ́sí ló kù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo òǹkà tó wà lára ojú-ihò swíìṣì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ láti so kọ̀ǹpútà pọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, òǹkà ìforígbárí tó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀ ń gorí ara wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, packet tó bàjẹ́ ló ń pọ̀. Ẹnìkan ti fi ọwọ́ tò ẹ̀gbẹ́ kan pé kí àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbẹ́ kejì sì gbà pé bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, kí èkejì dákẹ́. Packet ping kéré, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé. Fáìlì ńlá ni wọ́n ń forí gbárí. A tò wọ́n bákan náà, fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ká ní wọ́n ra ìlà tuntun yẹn ni, wọ́n ì bá san owó rẹ̀ lóṣooṣù, àìsàn náà ì bá sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ máa ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóru níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, ẹ má bú sẹ́kún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti fi òru wo bí ìlà ṣe ń kún tó sì ń fà, á ti mọ̀ nígbà tí nǹkan bá yàtọ̀, kí aago ìkìlọ̀ tó dún.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré la ń kà. Ohun tí Erlang kà ni ìpè. Nígbà tí Leland, Taqqu, Willinger àti Wilson ka packet lórí Ethernet, ọ̀nà tí a fi ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà inú ilé-iṣẹ́ pọ̀, ní ilé ìwádìí tẹlifóònù Bellcore ní Amẹ́ríkà, láti 1989 títí dé 1992, wọ́n rí i pé ìwà dátà yàtọ̀ pátápátá. Bí ìpè bá pọ̀, bí a bá kó wọn jọ, ríru wọn á rọlẹ̀. Dátà kò rọlẹ̀: ẹ wò ó ní ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ wò ó ní wákàtí, yóò ṣì máa ru gùdù. Àwọn tí wọ́n ṣì ń fi òfin ìpè díwọ̀n ìlà dátà ń tan ara wọn jẹ.

Ohun mìíràn tó yẹ ká kà ni ìrántí inú router, ẹ̀rọ tó ń darí packet láti ìlà kan sí òmíràn; inú ìrántí yẹn ni packet ti ń dúró de ìgbà tí ìlà máa ráyè. Nígbà tí ìrántí di pọ́ọ́kú, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú rẹ̀ láìka iye, kí packet kankan má baà sọnù. Ó dà bíi kí ilé ìwòsàn sọ yàrá ìdúró di gbọ̀ngàn, kí dókítà sì ṣì jẹ́ ẹnì kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹgabáìtì 1 tó ń dúró lẹ́yìn ìlà tó ń gbé megabit 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni ẹni tó bá dé kẹ́yìn máa fi dúró. Ta ló lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bẹ́ẹ̀? Ní 2012, Kathleen Nichols àti Jacobson yìí kan náà gbé ọgbọ́n kan jáde. Wọ́n ní kí router má wo bí èrò ṣe gùn tó, bí kò ṣe bí packet kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Bó bá ti ń ju ìdá 5 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ tí kò sì rọlẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ju packet nù, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè mọ̀ pé ó yẹ kóun rọra.

Àwọn èèyàn lè má gba ohun tí ẹ bá gbé wá. Paul Baran ṣàlàyé bí a ṣe lè gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kó máa gba ọ̀nà púpọ̀ lọ, ó kọ ọ́ jáde ní 1964, AT&T, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Amẹ́ríkà, ò dá a lóhùn rere. Donald Davies dé irú èrò kan náà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó fi di 1969, ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣíwájú íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń rìn lórí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ páténtì, nítorí mo mọ̀ pé ọkàn yín wà níbẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín dáadáa; níbi púpọ̀, ilé-iṣẹ́ ló ni ohun tí òṣìṣẹ́ bá dá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má gbé e sọ ní gbangba kí ẹ tó fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Amẹ́ríkà máa ń fún olùdásílẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, bí ẹ bá ti tú u síta, ó lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Bell àti Elisha Gray fi ìwé tẹlifóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, February 14, 1876, ẹ sì mọ orúkọ ẹni tí gbogbo ayé ń pè. Orúkọ ẹni tó bá yín ronú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ọ̀gá tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bó ti wù kó kanra tó. Lójú tèmi, bí ohun tí ẹ ṣe bá ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ gba páténtì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àfi kí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé máa ṣe é kó tó wúlò, bíi ti Jacobson, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa gbà yín síṣẹ́ o. Jacobson, Craig Leres àti Steven McCanne kọ irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ tcpdump, tó ń fi packet tó ń kọjá hàn yín, ní Lawrence Berkeley yẹn náà, ọ̀fẹ́ sì ni di òní. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, lórí ìlà tó jẹ́ tiyín tàbí èyí tí wọ́n fún yín láyè láti wò. Ẹ fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́, kí ẹ ka iye packet tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, kí ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣe ní wákàtí mìíràn. Bí òǹkà méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí ránṣẹ́ sí mi. Mo máa kà á.

Èmi ni,
Bàbá yín lẹ́nu iṣẹ́ yìí