Lójúkannáà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Léraléra ni mo ka Mátíù 14:26 àti 27 lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tí ó wà láàárín wa lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rù fíìmù kan mú kí ọmọ kan kígbe, àgbàlagbà ìjọ sì ń wá ẹ̀mí èṣù lára rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìṣọ́ kẹrin òru, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ẹnìkan tí ń rìn lórí òkun, wọ́n ní, “Iwin ni,” wọ́n sì fi ìbẹ̀rù kígbe sókè. Àgbàlagbà ni wọ́n o, apẹja tí omi kì í ṣe àjèjì sí sì wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kí n kọjá: “lójúkannáà”. Lójúkannáà ni Jésù wí fún wọn pé, “Ẹ tújú ká, èmi ni, ẹ má bẹ̀rù.” Kò kọ́kọ́ là á yé wọn bóyá iwin wà tàbí kò sí, kò sì bi wọ́n léèrè irú ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní tí wọ́n fi ń pariwo bẹ́ẹ̀, ohùn tí wọ́n mọ̀ ni ó kọ́kọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà tún padà wá ní ẹsẹ 31, nígbà tí Pétérù ń rì: ìbáwí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Olúwa ti di Pétérù mú kí ìbáwí náà tó jáde.

Àwọn kan ń retí kí n fi gbólóhùn kan parí ọ̀rọ̀ fíìmù ẹlẹ́rù alápá púpọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò lè bá wa parí rẹ̀. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí ètò tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà: TV-14 ń kìlọ̀ fún òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, TV-MA sì wà fún ẹni ọdún 17 sókè. Lẹ́tà wà níbẹ̀ fún ìwà ipá, fún ìsọkúsọ àti fún ìbálòpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà fún ẹ̀rù. Nítorí náà mo jókòó, mo wo apá mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò kọ mí lóminú tó bí wọ́n ṣe sọ pípe òkú di eré tí ọmọdé lè ṣe àfarawé rẹ̀, àti bí apá tí ó kàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọkàn tó rọlẹ̀. Ẹni ọdún 17 tí ó lè bá òbí rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀ lè wò ó. Kí ọmọ ọdún 13 tí kò lè sun inú òkùnkùn má wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ gbé ẹ̀rọ lé ọmọ lọ́wọ́ tí ẹ lọ sùn, ẹ kò ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú fíìmù tí ẹ kò rí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀, ẹ kò sàn jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kígbe lóru, tí àgbàlagbà inú ìjọ sì ń wá ẹ̀mí èṣù lára rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwa gan-an ni a ń kígbe pé “Iwin ni”! Ọmọ tí ẹ̀rù bà, ẹ̀rù ló bà á. Ta ni ó fún wa láṣẹ láti fi orúkọ mìíràn pè é?

Mo bá ara mi wí pẹ̀lú, nítorí mo jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò sì tètè dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dárí jì wá. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ pè mí, ì báà jẹ́ ìṣọ́ kẹrin. N kò ní kọ́kọ́ bi yín ohun tí ẹ wò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ti di Ọjọ́bọ̀. Kí àwọn tí ó mú àga ìjọ lọ dá a padà kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ṣì dúró, òbí méjì ni yóò jókòó tì wọ́n títí yóò fi parí, èmi ni ọ̀kan nínú wọn. A ń wá ẹnì kejì.