Lẹ́tà sí Mùfú: Indiana tún bọ́ sí wa lọ́wọ́

Lanham, Maryland
Sátidé, 8 Disẹ́mbà 2018

Mùfú ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni o? Ilé ńkọ́, ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo voice note tó o fi ránṣẹ́, mẹ́fà ló pé, mi ò dáhùn ọ̀kankan, jọ̀ọ́ má bínú. Kì í ṣe pé ara mi ò yá, kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ owó tó o bá mi sọ ló lé mi wọ igbó. Bọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yunifásítì ni. Rẹ́rìn-ín tó bó o bá ṣe fẹ́ kó o tó máa kà á lọ.

Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo sọ fún ẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ débí pé àwọn èèyàn yìí ò mọ bọ́ọ̀lù, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé èyí tó rí ṣóńṣó lórí ṣóńṣó nídìí yẹn sá kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di gbèsè sí mi lọ́rùn. Lọ́dún tó kọjá mo fi Uber gbé ọmọkùnrin kan, ó ní kí n já òun sí Ludwig Field nínú ọgbà University of Maryland ní College Park, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, mo wá ń gbọ́ ìlù. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ní bọ́ọ̀lù ni, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó. Mo páàkì, mo pa app iṣẹ́, mo wọlé. Mùfú, mo bá àwọn ọmọ kan lẹ́yìn ilé, The Crew ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń bú kípà àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi. Ó ṣe mí bíi Adamasingba. Mo kàn ń wá ibi tí ìwọ jókòó sí ni, ìwọ tó máa ń bú kípà títí á fi yíjú padà wò ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti mú mi.

Àwọn nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó máa kọ́kọ́ bí ẹ nínú o. Aago wọn ń kà wá sílẹ̀ ni, láti 45 bọ̀ wá sí òdo, tó bá ku sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá gbogbo ọmọ ilé ìwé á máa fi ẹnu kà á, tó bá ti dé òdo ó ti parí nìyẹn, rẹfirí kankan ò ní fi ìṣẹ́jú márùn-ún ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò lè sinmi kó sì padà wọlé. Bí òfin wọn ṣe wà lọ́dún 2018 yìí, tó bá já sí ọ̀mì wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ góòlù níbẹ̀, kóńkó jabele, kálukú máa lọ ilé ẹ̀.

Wọ́n wá kó àwọn yunifásítì sí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì. Tiwa ni Big Ten, orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ irọ́ ni, torí yunifásítì mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ lọ́dún 2018 yìí, mẹ́sàn-án péré ló sì ní tíìmù bọ́ọ̀lù ọkùnrin, àwọn yìí náà ló fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíì ní ìṣirò. Wọn ò tiẹ̀ sún mọ́ra, láti Maryland dé Wisconsin tó wákàtí mẹ́tàlá lórí títì. 2014 ni Maryland wọ ibẹ̀, wọ́n sì gba ife ẹ̀ ní 2014, 2015, 2016, léraléra bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rọ ọ́ fún. Kóòṣì wọn, Sasho Cirovski, ọmọ Masẹdóníà tó dàgbà sí Kánádà, ti wà lórí àga yẹn láti 1993. Ronú ẹ̀ wò, nílé wa lọ́hùn-ún ọdún kan ṣoṣo a lè ti lo kóòṣì mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n sáà tọdún yìí, ojú rí màbo. Àwọn máàṣì àkọ́kọ́, góòlù ẹyọ kan wọn ò rí jẹ. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, òdo, òdo. Ìyàwó mi ní ṣé èmi ni mo gbé oríburúkú lọ bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni, torí 3SC tí mò ń ṣe láti kékeré náà ti já sí ìsàlẹ̀, Super Eagles tí mo gba ọjọ́ ìsinmi torí ẹ̀, Rojo ọmọ Ajẹntínà gbá tiẹ̀ wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Mi ò rí èsì fún un.

Nígbà tó yá ṣá wọ́n jí. Ìgbà tí ìdíje ife kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ ní Nofẹ́ńbà wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó ṣeé wò, wọ́n yege nínú kọ́tà fáínà, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò ẹ, sẹ́mì fáínà ni ọ̀rọ̀ wà. Yunifásítì Indiana ni wọ́n fún wa. Indiana yìí ti gba ife gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹjọ, àwọn náà ló ṣe ipò kìíní nínú Big Ten tọdún yìí. Wọ́n ní pápá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni wọ́n á ti gbá a, Grand Park ní Westfield, o wá wo máàpù, ìpínlẹ̀ Indiana ni Westfield wà! Bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí 3SC àti Kwara United lọ gbá a ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n ní kò sí ojúsàájú níbẹ̀.

Ọjọ́ Fúráìdé yẹn mo wà ní páàkì àwa dẹ́rẹ́bà ní pápákọ̀ òfurufú BWI. Ibẹ̀ la ti máa ń tò, kì í ṣe ẹsẹ̀ la fi ń tò, inú fóònù ni, ó máa sọ fún ẹ pé ìwọ ni nọ́ḿbà ogójì, kó o máa wò ó bó ṣe ń dín kù bí ẹni ń retí pẹ́nṣọ̀n. Mo ti lo bíi wákàtí méjì, mo ti di nọ́ḿbà kẹta. Fóònù iṣẹ́ náà ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù, torí èkejì ò ní dátà. Bàbá ará Etiópíà kan wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò mi, lẹ́yìn ẹ̀ ará Gánà kan, lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ El Salvador kan tí kò mọ̀ ju “góòlù” lọ nínú èdè tí à ń sọ, gbogbo wa wá ki orí bọ ọkọ̀ mi. Ọ̀mì ni. Wọ́n fi àsìkò kún un, ọ̀mì ni. Pẹ́nárítì dé.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a ni nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe é bí ó ṣe wù ú. Ọmọ Indiana á sún sẹ́yìn, fídíò á dúró, tó bá máa padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Tiwa á sún sẹ́yìn, á tún dúró. Ó wá di èyí tó le jù nínú wọn, bàbá ará Etiópíà ti di ọwọ́ mi mú pinpin bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ gbá a, ọmọ yẹn gbé ẹsẹ̀ kan, gẹ́rẹ́ báyìí ni iṣẹ́ wọlé! Ó bo gbogbo ojú fóònù, ó ń pariwo kíín kíín, èrò tó ń lọ Annapolis, owó gidi, Mùfú, kì í ṣe owó kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Sẹ́kọ́ńdì mélòó kan ni wọ́n máa ń fún ẹ láti gbà á. Ará Gánà ní “take it, take it”, ará Etiópíà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka nù ún dànù. Nígbà tí àwòrán máa padà, àwọn kan ti ń sáré gun orí ara wọn, àwọn kan ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó jókòó sílẹ̀ yẹn ni tiwa.

Èrò Annapolis ti lọ, ipò mi lórí ìlà náà ti lọ, wọ́n dá mi padà sí nọ́ḿbà mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ El Salvador yẹn kàn gbá mi léjìká, ó padà sínú ọkọ̀ ẹ̀. Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí di òní, má fẹnu ẹ sọ ọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè Indiana na Michigan ní fáínà, wọ́n gbé ife. Ẹni tó bá gba ife kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì, tààrà ló ń wọ ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti wà lápò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fìdí rẹmi, ẹ máa dúró kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n wo ìwé yín, bóyá wọ́n á mú yín mọ́ àwọn méjìdínláàádọ́ta. Mọ́ńdè ni wọ́n ka orúkọ. Wọ́n mú wa! Wọ́n tiẹ̀ to wa sí ipò kọkànlá, ìyẹn ni pé a ò ní gbá ìpele kìíní, ilé wa náà ni wọ́n á sì ti wá bá wa.

Torí náà ọjọ́ kejì tí Super Eagles gbá 1-1 pẹ̀lú South Africa, èmi ti wà ní Ludwig, North Carolina State ló wá. Òtútù yẹn kì í ṣe ti èèyàn. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn, mo ki ẹ̀pà sínú àpò kóòtù, mò ń fún àwọn ọmọ The Crew tó wà nítòsí mi, ọ̀kan ń jẹ ẹ́ tòun ti èèpo, mo fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra á kí wọ́n tó fẹ́ ẹ hàn án, ìgbà tó yá gbogbo ìlà wa ló ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà sórí ara wọn. 2-0. A ní ọmọ kan lẹ́yìn, Donovan Pines, ó ga bí òpó NEPA, bọ́ọ̀lù òkè kankan ò lè kọjá orí ẹ̀. Eryk Williamson ló ń pín bọ́ọ̀lù láàárín, ó máa rọra gbé e bí ẹni tó ń gbé omi sórí. Kípà, Dayne St. Clair, ọmọ Kánádà, kì í sáré sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lọ bá Duke nílé, 2-0. Wọ́n lọ bá Kentucky nílé, 1-0. Ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ góòlù lára wa, Mùfú, ẹyọ kan.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ọ̀rọ̀ Wàsíù ọmọ ẹ. Mo gbọ́ ọ nínú voice note kẹrin. Ọkùnrin tó ní òun á gbé e wá gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì níbí, tó ní kó o kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà wá ná, má fún un ní kọ́bọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyí: lọ́dún 2018 yìí, òfin NCAA, àwọn tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbí, ò jẹ́ kí tíìmù ọkùnrin kan ní ìpele òkè yìí ná ju ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 9.9 lọ, bẹ́ẹ̀ ni, kò tiẹ̀ pé mẹ́wàá, ọmọ tó wà nínú tíìmù sì lè ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ, wọ́n á wá máa gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹran iléyá, ẹlòmíì á rí ìdajì, ẹlòmíì á rí egungun. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní WAEC tó dáa, kó ṣe SAT, ìdánwò ìwọlé tí wọ́n ń béèrè lọ́dún 2018 yìí, kí NCAA fúnra wọn yẹ ìwé ẹ̀ wò, kò sì gbọ́dọ̀ tíì máa gbá a gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Kóòṣì ló máa ń wá ọmọ. Jẹ́ kí Wàsíù kàwé, kẹ́ ẹ ya fídíò ẹ̀ dáadáa, odindi máàṣì o, kì í ṣe kìkì ibi tó ti yọ ẹlòmíì sílẹ̀, èmi náà á fi ránṣẹ́ sáwọn kóòṣì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà yẹn ò sì tún jẹ́ tuntun sí wa. O rántí bí bàbá ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ Godwin Odiye bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, bó ṣe forí kan bọ́ọ̀lù sílé ara wa ní Sùúrùlérè ní 1977, tí Tùnísíà fi gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ló wá lẹ́yìn ẹ̀, ó ń kàwé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún University of San Francisco. Thompson Usiyan ńkọ́, góòlù 109 ló jẹ fún Appalachian State, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí kò tíì sí ẹni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní Division I, ìyẹn ìpele òkè yẹn. Mo sọ fún àwọn ọmọ The Crew, wọn ò gbà mí gbọ́, wọ́n yẹ fóònù wò, wọ́n dákẹ́.

Ó dáa, àná. Sẹ́mì fáínà gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Santa Barbara, Kalifóníà. Nínú tíìmù mẹ́rin tó kù, mẹ́ta ló jẹ́ ti Big Ten, ta ni wọ́n sì fi kò wá lójú? Indiana! Mi ò lọ síṣẹ́. Mo pa fóònù iṣẹ́, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè mí lọ Annapolis. Ìyàwó mi ń dín dòdò, ó ní òun ò fẹ́ mọ̀, ìgbà tá a jẹ èkíní ló gbé síbí ìdáná dání jáde wá, dòdò yẹn jóná, kò sẹ́ni tó bínú. 2-0. Indiana tó gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ níwájú ilé ara wọn, wọn ò rí nǹkankan jẹ. Mo pe bàbá ará Etiópíà yẹn, mo ti gba nọ́ḿbà ẹ̀, kò sọ nǹkankan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù bí ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ọ̀la ni fáínà, Akron ni, àwọn tó na Michigan State 5-1. Ẹ̀rù Akron yẹn ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Wọ́n ní àwọn ará Santa Barbara máa ń ju tòtíyà sórí pápá, ohun tó rí bí mọ́ímọ́í tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ (kò jọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀). Oúnjẹ ni wọ́n ń sọ nù bẹ́ẹ̀ yẹn o.

Ilẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ Mọ́ńdè lọ́dọ̀ yín kó tó parí. Má pè mí. Tó bá dáa, èmi ni mo máa pè, kódà tó o bá wà lórí ìrun àárọ̀. Tó o bá rí i pé ó di aago mẹ́wàá tí mi ò pè, wàá ti mọ̀, kó o rọra fi ọ̀rọ̀ Wàsíù sílẹ̀ di Túsìdeè.

Kí Ìyá Wàsíù fún mi, kó o sì bá mi kí àwọn ará ẹ̀yìn góòlù.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣẹ́gun