Igi Ilé Àtijọ́ Kì í Ṣe Igi Ìdáná

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ pé owó pákó ti ń lé àwọn ọ̀dọ́ sá fún iṣẹ́ káfíńtà ni mo fẹ́ fèsì sí. Òótọ́ ni ó sọ nípa owó pákó ní ọjà Bódìjà, ṣùgbọ́n ọjà nìkan kọ́ ni pákó wà.

Ẹni tí ó bá ń rìn láti Bẹẹ̀rẹ lọ sí Ọjàaba, níhìn-ín ní Ìbàdàn, yóò rí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó láti fi kọ́ tuntun. Ìrókò, apá àti ọ̀gànwó ni àwọn baba wa fi ṣe ìtì àjà, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, nígbà tí igi ńlá ṣì pọ̀ nínú igbó. Lónìí, olóúnjẹ ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú wọn fún láti fi dáná. Ó máa ń dùn mí, nítorí igi tí ó ti lo ọdún 60 lábẹ́ òrùlé ti gbẹ dénú, kò sì wọ́pọ̀ kí ó lọ́ tàbí kí ó là lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gbé tábìlì rẹ̀ délé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ lórí pákó tútù tí wọ́n là lánàá tí wọ́n sì tà lónìí.

Ìtì 14 láti ilé kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ilé àtijọ́ ṣiṣẹ́ ní ọdún 9 sẹ́yìn. Ikán ti jẹ inú 3. Èyí tí ó kù ni mo fi kan tábìlì ìjẹun kan, àpótí ìjókòó 6 àti férémù ilẹ̀kùn 2. Ayùn ọwọ́, rándà, òòlù àti ẹ̀mú ni gbogbo irin iṣẹ́ mi nígbà náà.

Ìṣó ni ọ̀tá wa. Èyí tí ó ti dógùn-ún, tí orí rẹ̀ ti já sínú igi, ojú kì í rí i. Mo gbé ìtì kan lọ sí ibi ìlagi láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ayùn ẹ̀rọ wọn kán, owó ayùn náà sì kó èrè oṣù kan lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń so òòfà mọ́ okùn, tí mo ń fà á lórí igi ní ìbú àti òró. Ibi tí ó bá ti fì, ìṣó wà níbẹ̀.

Kí ẹni tí yóò rẹ́ ìrókò bo imú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀mí ń bẹ nínú igi yìí. Ikọ́ ṣá ń bẹ nínú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Igi òrùlé tí wọ́n ti fi sólígínọ́ọ̀mù kùn nítorí ikán, tí òórùn rẹ̀ ṣì ń ta síni nímú, kò sì yẹ fún ohunkóhun tí oúnjẹ yóò kàn.

Kí a má sì ra igi lọ́wọ́ àwọn lébìrà tí ń wólé. Olórí ẹbí ni kí a bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí a sì gba rìsíìtì tí a kọ iye ìtì sí, nítorí bí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba bá dá ọkọ̀ dúró, ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí pé a kò gé igi nínú igbó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìjọba: nígbà tí wọ́n bá ń fún onílé ní ìwé àṣẹ láti wólé, kí wọ́n sọ fún un pé kí káfíńtà àdúgbò yẹ igi náà wò kí iná tó kàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà kan, Ìbàdàn.