Ẹ Gba Ohùn Àwọn Àgbà Sílẹ̀ Ná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ìròyìn yín lórí ẹgbẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀fà bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ wá ìtàn ìdílé, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àmọ́ mo fẹ́ kí gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo.

Inú oríkì ni ìtàn wa wà. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ Ọlálọmí, ẹni tó tẹ Ọ̀fà dó, tó ń sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ó máa ń dárúkọ àwọn baba ńlá tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, fóònù lásán sì tó láti gbà á. Ó ń dùn mí títí dòní pé ìyá bàbá mi lọ kí n tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà bíi Gramps, tí a fi ń to ìtàn ìdílé, wúlò, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá kan náà nílùú wa lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ́ ti bàbá, kí àbúrò máa jẹ́ ti bàbá àgbà. Ẹni tí a sì ń pè ní bàbá lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá. Àgbà nìkan ló lè tú u palẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má gbé ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè síta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.