Àjọkẹ́, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ voice note ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, màmá ẹ náà gbọ́ ọ, òun ló dẹ̀ ní kí n má pè ẹ́ lórí fóònù nígbà tínú ṣì ń bí mi, kí n jókòó kí n kọ ọ́. Ó dáa, mo ti jókòó. Iná ò sí, òjò ti ṣú lápá Táákìẹ̀, kí n tètè kọ ọ́ kí bátìrì tó kú.

O ní ọ̀gá ẹ ní kó o kọ ₦480,000 sórí ọjà tẹ́ ẹ rà ní ₦350,000, o ò lè ṣe é, o dẹ̀ máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Pé o ò ṣe é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tí ò bá jalè ló gbọ́dọ̀ sá fún olè? Tó o bá lọ, ẹni tó máa kọ ₦480,000 náà ni wọ́n máa fi sórí àga ẹ.

Ka Dáníẹ́lì orí kìíní, má sáré kà á bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì tán kọ́dún tó parí. Wọ́n pa orúkọ ẹ̀ dà, kò jà. Wọ́n ní kó kọ́ ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà fún ọdún 3, ó kọ́ ọ, ó dẹ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn onílé lọ. Oúnjẹ ọba ló ní òun ò jẹ. Kódà nígbà tó máa sọ ọ́, kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni ní Jésébẹ́lì (mo gbọ́ ohun tó o pe mánéjà yín o, kò dáa rárá). Ó ní ẹ fi ọjọ́ 10 dán wa wò, ẹ̀wà àti omi nìkan. Torí ó mọ̀ pé ẹ̀rù orí ara ẹ̀ ló ń ba ìjòyè ọba tó ń tọ́jú wọn, ó wá wá ọ̀nà tí ò ní kó ọkùnrin náà sí ìjàngbọ̀n. Ìwọ náà, bá ọ̀gá ẹ nígbà tí ò séèyàn lọ́dọ̀ ẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, kó o ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tó wà lórí rìsíìtì nìkan ni mo lè kọ, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí ọ́dítọ̀ bá dé èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, ẹ̀yin ló kàn." Kó o tọ́jú ẹ̀dà rìsíìtì náà sílé. Tó bá lé ẹ lẹ́yìn ìyẹn, máa bọ̀, láfún ò tíì tán ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Kó o má rò pé mo mọ́ tónítóní ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mò ń tọ́jú stóò, ẹnì kan kó páálí ọṣẹ wá, 60 ló wà lórí wébíìlì, ìwé tó bá ẹrù náà wá, mo kà á, 52 ni. Èmi àti ẹni yẹn la jọ ń kọ bass nínú kwáyà. Ó ní "Brother, 8 tó kù ń bọ̀ lọ́la, ẹ bá mi sáìnì ẹ̀." Mo sáìnì. Ọ̀la ọ̀hún ò tíì mọ́ títí dòní. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù mi, ẹ̀yin ọmọ ń bèèrè ìdí tí ò fi sí ẹran lọ́bẹ̀. Mo lọ bá a, ó ní ká fi àdúrà sí i. Àdúrà! Ṣùgbọ́n èmi ni mo ka 52 tí mo sáìnì 60, irọ́ ni mo pa, mo kàn fi aṣọ kwáyà bò ó ni. Alhájì kan wà tó ń kó ìwé wá fún wa nígbà yẹn, tá a bá ṣèèṣì san lé, ó ń dá a padà ni.

Èyí tó kàn á dùn ẹ́. Ìpàdé àdúrà ọ̀sán tẹ́ ẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì, o ní aago 12 sí 1 ni, o tún wá sọ nínú ọ̀rọ̀ pé ẹ sábà máa ń jáde ní 1:40. 40 mínìtì yẹn, ta ló ni ín? Oníbàárà tó dúró níwájú káńtà ò mọ̀ pé ẹ wà nínú Ẹ̀mí o, ebi ló ń pa á.

Owó oṣù tó o ti ń gbàdúrà lé lórí látọdún tó kọjá ńkọ́? Nehemáyà náà gbàdúrà, ó tó bí oṣù mẹ́rin, láti Kísíléfì dé Nísánì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọba bi í pé kí ló fẹ́, ó ti mọ ìgbà tó máa padà dé, ó mọ lẹ́tà tó máa gbà fáwọn gómìnà, ó dẹ̀ mọ̀ pé Ásáfù ló ń ṣọ́ igbó ọba tí igi wà. Orúkọ onígi ló dá! Tí wọ́n bá pè ẹ́ lónìí pé eélòó lo fẹ́, kí lo ti ṣe, o lè sọ ọ́? Máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kó o dẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó kù nínú ìdánwò ICAN tàwọn oníṣirò owó, má fi ìṣọ́ òru ṣe àwáwí fún mi mọ́.

Bàbá mi wà ní Tàmálè lọ́dún 1969 nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí ò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, àwọn tó ń ta aṣọ náà ló ń kọ́ ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi. Oníkálukú ń di ẹrù, bàbá mi ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń san gbèsè. Ìyá mi ò gbàgbé ẹ̀ títí ó fi kú. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé Ọlọ́run dá a padà ní ìlọ́po méje, ẹ̀gẹ́ ló dé wá gbìn. Àmọ́ nígbà tí mo dé Tàmálè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo dárúkọ ẹ̀ ní ìsọ̀ kan, bàbá arúgbó tó wà níbẹ̀ dìde, ó fi àga ẹ̀ fún mi.

Bá ọ̀gá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó o pè mí lálẹ́. Màmá ẹ ti di láfún àti gàrí, dírẹ́bà kan ń gbé e bọ̀ n'Íbàdàn lọ́la. ₦1,500 ni owó ẹrù, mi ò tíì san án.

Èmi ni bàbá ẹ.